Ṣé Kò Sẹ́ni Tó Bímọ Tó Gbádùn Rẹ̀ Ni?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun sì ni gbogbo wọn dá lé. Èyí àkọ́kọ́ ni n ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ ọjọ́ pẹ́ á rántí pé ẹlòmíràn ló ń dá yín lóhùn lójú ewé yìí fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ ni mo lọ bí. Àkọ́bí ni, obìnrin, bí mo sì ṣe ń kọ èyí, ẹ̀yìn mi ló wà, ó ń fa ìborùn mi.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa. Oyún oṣù méje ló wà nínú mi, àkọ́bí ni. Lágéré ní Ilé-Ifẹ̀ la ń gbé, mo ń ta ohun ìpèsè. Láti ìgbà tí ikùn mi ti yọ, kò síbi tí mo dé tí wọn kò ní sọ ti ẹni tó rọbí fún ọjọ́ mẹ́ta, ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀, ti ẹni tí wọ́n là níkùn. Oníbàárà kan tó wá ra mílíìkì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí ní kí n lọ bẹ Ọlọ́run dáadáa, pé ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run ni aboyún wà. N kì í sùn dáadáa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sẹ́ni tó bímọ tó gbádùn rẹ̀ ni?

*Aboyún Lágéré, Ilé-Ifẹ̀*

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ó wà. Èmi tí mò ń kọ̀wé sí ọ yìí wà lára wọn.

Ìdí tí o kò fi gbọ́ tiwa ni pé a kì í sọ ọ́. Nígbà tí mo bímọ tán, tí àwọn èèyàn ń wá kí wa kú ewu, ìyá àgbà kan ládùúgbò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bí wọ́n bá bi mí pé báwo ló ṣe rí, kí n ṣáà sọ pé Ọlọ́run ló yọ mí, kí n má sọ pé ó rọrùn, torí pé a kì í mọ ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ti ẹni. Mo gbọ́ ohun tó ń sọ yé. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń bí: ẹni tó bí wẹ́rẹ́ á rẹ ohùn sílẹ̀, ẹni tójú rẹ̀ rí màbo ló máa ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, nídìí ẹ̀rọ ìlọta, nínú mọ́tò Ifẹ̀ sí Iléṣà. Aboyún tó bá jókòó sáàrin wọn á wá rò pé bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn. N kò bá àwọn tójú wọn rí màbo jà o. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ó sì yẹ kí a gbọ́ wọn, pàápàá àwa tí kò lóyún lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí èèyàn da gbogbo rẹ̀ sétí ẹni tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, tó ń ta mílíìkì jẹ́jẹ́ tirẹ̀, n kò rí àánú nínú ìyẹn.

Ó dáa, gbọ́ tèmi.

Télọ̀ ni mí, Òkèsà ní Iléṣà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó lóyún, ẹ̀rù sì bà mí bó ṣe ń bà ọ́ gan-an. Ẹni tó kọ́kọ́ dín in kù ni obìnrin agbẹ̀bí kan ní ibùdó ìlera tí mo ti forúkọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a ti kọrin, tí a ti pàtẹ́wọ́ tán bí wọ́n ti máa ń ṣe ní kílíníìkì aboyún, ó mú fìlà ọmọ tuntun jáde, èyí tí wọ́n fi òwú hun. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé ẹnu fìlà náà lé e, ó wá ń fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Ọrùn ilé ọmọ nìyí. Kì í ṣe pé ó ń ya. Ó ń rọ̀, ó ń fẹ́lẹ́, ó ń ṣí, títí orí ọmọ á fi rí ọ̀nà gbà." Ó ní gbogbo ohun tí à ń pè ní ìrọbí, iṣẹ́ tí ilé ọmọ ń ṣe láti ṣí ọrùn yẹn ni, títí tó fi máa tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Èmi tí tépù ń gbé lọ́rùn mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀! Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo wọn sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Mo wò ó títí. Ẹ̀rù kò lọ tán, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn mo ti mọ ohun tí ara mi fẹ́ ṣe, mo sì mọ̀ pé ìrora náà ní iṣẹ́ tó ń jẹ́.

Torí náà, má pa kílíníìkì jẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún rí elétò ìlera ó kéré tán nígbà mẹ́jọ kó tó bí. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, tí wọ́n á ti fún ọ ní oògùn ibà àti èyí tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun, ibẹ̀ náà ni o ti lè bi wọ́n ní ohun tó ń lé oorun lójú rẹ. Bi wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni.

Alẹ́ ọjọ́ tí tèmi bẹ̀rẹ̀, aṣọ ẹbí kan wà lórí máṣíìnì mi. Ẹ̀yìn ń ro mí, ó dáwọ́ dúró, ó tún dé. Mo ti fẹ́ rán apá kan tán kó tó yé mi pé kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́. Mo lọ sílé, mo jẹ iyán. Má fi mí rẹ́rìn-ín, Ìjẹ̀ṣà ni mí, ìyá ọkọ mi sì ti gún un sílẹ̀. Agbẹ̀bí náà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé nígbà tí kò bá tíì le, kí a jẹun, kí a mu omi, kí a sinmi, kí agbára lè wà nígbà tó bá yá. Mo wẹ̀, mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, oorun sì gbé mi lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí nìyí, òun ni mo sì fẹ́ kí o dì mú jù nínú gbogbo àlàyé yìí: ìrọbí kì í ro èèyàn láìdáwọ́ dúró. Á dé, á máa le sí i, á dé góńgó, á rọlẹ̀, á lọ. Bó bá ti lọ, kò sí nǹkan kan mọ́. Ara á balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. O lè mu omi, o lè rẹ́rìn-ín, o lè bá ọkọ rẹ jà nítorí ibi tó gbé báàgì sí, bí mo ti ṣe. Gbogbo ìtàn ìrọbí tí wọ́n sọ fún mi, wọ́n yọ ìsinmi àárín rẹ̀ kúrò. Nígbà tó ṣe, ìsinmi yẹn ni mo ń retí, n kì í retí ìrora mọ́. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, màá sọ lọ́kàn mi pé kò ní pẹ́ lọ, á sì lọ lóòótọ́.

Ọkọ mi ń fi fóònù wo aago. Nígbà tó ń dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí n kò sì lè sọ̀rọ̀ bó bá dé, a gbéra. Agbẹ̀bí yẹ̀ mí wò, ó ní mo ti ṣí tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, pé ìrọbí gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, pé fún àkọ́bí, láti ibẹ̀ lọ ó lè gbà tó wákàtí méjìlá, kí n má máa ka aago. Ó ń wá gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù látìgbàdégbà. Kò ní kí n dùbúlẹ̀ sójú kan. Mo rìn ní kọ́rídọ̀ títí. Nígbà tó le, ọkọ mi fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi, ó tẹ̀ ẹ́ gírígírí, èyí sì ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú tó ń sọ lọ. (Ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Mo ní kó dákẹ́.)

Ṣé ó ro mí? Ó ro mí gan-an. Nígbà tó kù díẹ̀, mo pariwo pé n kò ṣe mọ́, mo fẹ́ máa lọ sílé. Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn bí ọmọ bá ti dé tòsí. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tó tó àsìkò, mo kúnlẹ̀ lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún mi, mo gbé àyà lé etí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá ńlá wa ṣe ń bímọ kí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tó dé, àwọn elétò ìlera náà sì ti ń sọ báyìí pé kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin wà bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bi wọ́n níbi tí o fẹ́ bí sí bóyá wọ́n ń gbà á láàyè.

Orí yọ. Agbẹ̀bí ní kí n má fipá tì í mọ́, kí n máa mí hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀. Ó wá mú ọwọ́ mi, ó fi kan orí náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rọ̀, irun tútù wà níbẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ìyẹn fún ọ. Gbogbo ariwo tí mò ń pa tẹ́lẹ̀ dúró. Mo ṣáà ń fi ìka wá irun yẹn.

Bó ṣe jáde ni wọ́n gbé e lé mi láyà, tòun ti ọ̀rá funfun lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fi tówẹ̀lì gbígbẹ nù ún, wọ́n fi òmíràn bo àwa méjèèjì. Wọn kò kánjú gé ìwọ́. Wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta kí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lè bá ọmọ lọ. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ kan kí ẹ̀jẹ̀ má baà pọ̀ jù, ibi ọmọ sì tẹ̀lé e. Mo ya díẹ̀. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora síbẹ̀ kí wọ́n tó rán an, èmi télọ̀ sì bi agbẹ̀bí pé ṣé ojú rírán náà tọ́. Ọmọ ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó la ojú sílẹ̀, ó ń wò mí. Kí wákàtí kan tó pé, ó ti fẹnu wá ọmú rí.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ìyá ọkọ mi wọlé, kò kí mi, kò kí ọmọ rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó fi ẹnu sétí ọmọ, ó ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ọwá. Ẹ̀yìn tó pè é tẹ́rùn ló tó rántí pé mo wà níbẹ̀. "Ìyàwó mi, o kú ewu."

Kí o má baà ṣì mí gbọ́, n kò sọ pé agbára mi ló ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń lọ kílíníìkì, ìdí ni ọmọ tirẹ̀ gbé síwájú, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde, inú òun náà sì dùn. Àdúrà tí wọ́n ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí a bí bí àwọn obìnrin Hébérù, mo ṣe àmín rẹ̀, àmín tó dún. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ ló kàn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdúrà dá ọ dúró, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ìwọ kọ́ lo bí i. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi yẹn sanra ju tèmi lọ báyìí.

Ẹ̀rù kan sì wà tí n kò fẹ́ kí o jù nù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí orí bá ń fọ́ ọ lọ́nà tó le tàbí tí ojú rẹ ń ṣú, bí ojú àti ọwọ́ bá wú lójijì, bí ara bá gbóná, bí omi bá dà, bí ọmọ kò bá yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀, má dúró de ọjọ́ kílíníìkì, má sì kọ̀wé sí mi. Gbéra. Ẹ ti tọ́jú owó ọkọ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, ẹ wá onímọ́tò tó máa gbé fóònù lóru, kí ẹ sì mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tìrẹ mu.

Ìbí lo bèèrè, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e ni mo gbádùn jù. Oorun ò tó, gbogbo ayé ló máa sọ ìyẹn fún ọ, n kò ní tún un sọ. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, omi ọmú aláwọ̀ ìyeyè díẹ̀ ló ń yọ. Àwọn kan á ní ìdọ̀tí ni, kí o fún un dànù. Má dà á nù o. Òun ni ààbò àkọ́kọ́ tí ọmọ ní lọ́wọ́ àrùn, ikùn rẹ̀ kò sì tíì gbà ju ìba yẹn lọ. Lẹ́yìn náà ni ọmú wú, tó le, tí mo jókòó tí mò ń sunkún láìnídìí. Wọ́n ti sọ fún mi pé ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ìyá ìkókó bẹ́ẹ̀. Tèmi lọ. Bí tìrẹ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ayé ṣì sú ọ, sọ fún wọn ní kílíníìkì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú.

Ìyá ọkọ mi ló ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Á na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, á tẹ́ ọmọ lé e, á máa fi òrí pa á lára díẹ̀díẹ̀, á máa ki í. Èmi á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ife ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́, n kò ní ṣe nǹkan kan. Obìnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré, tí wọ́n ń sọ fún pé kó jókòó kó jẹun! Ní ọjọ́ kẹjọ tí a sọ ọmọ lórúkọ, tí wọ́n gbé oyin wá, ìyá ọkọ mi ló tọ́ ọ wò nítorí ọmọ, torí nọ́ọ̀sì ti sọ pé oyin kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Kò sẹ́ni tó bínú. Nígbà tí ọrùn ọmọ ti dúró dáadáa, ọkọ mi fi ọ̀já pọ̀n ọ́ lọ ra búrẹ́dì. Àwọn fọkanáísà fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó tún pọ̀n ọ́ lọ.

Wàá sì gba káàdì kan, èyí tí wọ́n fi ń sàmì sí ìwọ̀n ọmọ ní gbogbo ìgbà tí o bá gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwa Ìjẹ̀ṣà yangàn díẹ̀: ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa níbí, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ni dókítà David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti 1956 sí 1961, ti gbé irú káàdì yẹn kalẹ̀ kó tó tàn káàkiri ayé. Ìyá ọmọ ló ní kó máa tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ìwọ̀n ọmọ máa ń dín díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá bí i, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́, láàrin ọ̀sẹ̀ méjì á ti padà sí bó ṣe wà. Ti Àbẹ̀kẹ́ dín. Nígbà tí mo wá rí i tí ìlà tirẹ̀ ń gun òkè lórí káàdì yẹn, tó sì jẹ́ omi ọmú mi nìkan ló ń mu, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba fírídọ́ọ̀mù lọ.

Bí o bá bí tán, kọ̀wé sí mi. Bó bá sì dùn mọ́ ọ, sọ ọ́ sókè ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí oníbàárà yẹn gbọ́.

ÌBÉÈRÈ

Ìyá ọkọ ni mí, Iléṣà níbí ni mo wà. Ìyàwó ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo sì ti kó ẹrù mi wá bá a. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ lómi, n kò gbọ́dọ̀ fún un lágbo, n kò gbọ́dọ̀ fi káńfọ̀ sáàrin aṣọ rẹ̀, n kò gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná tẹ ikùn fún òun. Ọmọ mẹ́fà ni mo fi omi àti àgbo tọ́. Kí wá ni wọ́n ní kí n wá ṣe?

*Màmá Àgbà, Iléṣà*

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ kú ìtọ́jú. Mo gbọ́ ìbínú inú lẹ́tà yín, n kò sì dá yín lẹ́bi, torí èèyàn kì í fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe àlejò lórí ọmọ ọmọ òun. Ṣùgbọ́n ìyàwó yín kò wí ohun tí kò tọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí káńfọ̀, torí òun ló léwu jù. Èyí roboto funfun tí à ń rà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà, kẹ́míkà naphthalene ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà láàrin wa, wọ́n sì pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó lára wọn. Kò hàn lójú. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Bí pípọ́n náà bá le, ó lè ba ọpọlọ jẹ́ tàbí kó pa ọmọ. Àwọn mẹ́fà tí ẹ tọ́, ó lè jẹ́ pé kò sí èyí tó ní in nínú wọn. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí ńkọ́? Ẹ kó káńfọ̀ náà jù nù, kí ẹ fọ gbogbo aṣọ tó ti bá a gbé, ẹ sá a sí oòrùn kó gbẹ dáadáa. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, pàápàá láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ gbé e sí oòrùn àárọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ti omi, omi ọmú fúnra rẹ̀, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó lé ní 80 nínú 100. Nínú ooru Iléṣà náà, ó tó o. Omi tí a bá fún un á gba ààyè oúnjẹ nínú ikùn tó kéré yẹn, kòkòrò sì lè bá a wọlé. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, omi ọmú nìkan ni. Àgbo náà kò ṣeé wọ̀n fún ìkókó.

Ìwọ́ rẹ̀, oògùn chlorhexidine tí wọ́n ń fún wa ní ibùdó ìlera ni kí ẹ fi sí i, ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó má kan ojú. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín tàbí ohunkóhun mìíràn sí i. Ti omi gbígbóná, ilé ọmọ á sún kì fúnra rẹ̀, bí ọmọ bá ṣe ń mu ọmú ló ń sún kì. Mo ti rí obìnrin tí omi yẹn bó lára. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó lè jókòó sínú rẹ̀ ti tó.

Ẹ bi mí pé kí ni kí ẹ wá ṣe. Màmá, ta ló máa wẹ ọmọ yẹn? Ẹ fi kànìnkànìn tó le sílẹ̀, ẹ má jù ú sókè, ṣùgbọ́n ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi òrí pa á, ẹ ki í. Oríkì wo lẹ fún un? Ìyàwó yín kò lè ki í bíi tiyín. Ẹ se ọbẹ̀ tó lẹ́ja, ẹ gúnyán fún un kó lè lágbára, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìyálẹ̀ta kó lè sùn. Ẹ sì bá a lọ sí kílíníìkì nígbà tó bá kàn, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì fúnra yín. Wọn kì í lé ìyá àgbà níbẹ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ orin, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n máa ní kó dá a.

ÌBÉÈRÈ

Ìyàwó mi ń fẹ́ kí n bá òun wọ yàrá ìrọbí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọkùnrin kì í wọ ibẹ̀, pé ẹni tó bá rí i kò ní lè wo ìyàwó rẹ̀ lójú ìfẹ́ mọ́. Kí lẹ rí sí i?

*Bàbá Ìkókó Tó Ń Bọ̀, Iléṣà*

ÌDÁHÙN

Bùrọ̀dá, mo ka lẹ́tà yín sétí ọkọ mi. Ó ní kí n bá òun bi ẹ̀gbọ́n yín bóyá ó ti wọ ibẹ̀ rí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí ẹni tí aboyún bá yàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ì báà ṣe ọkọ, ìyá tàbí ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin ni ìyàwó yín yàn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bèèrè ṣáájú. Ibi mìíràn wà tó jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn tó ń rọbí wà, kọ́tìnnì ló là wọ́n láàrin, kò sì ní dáa kí ọkùnrin wọ ibi tí ìyàwó ẹlòmíràn wà ní ìhòòhò. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ̀yin méjèèjì ẹ jọ yan obìnrin kan tí kì í pariwo, tí kì í sọ ìtàn ìbànújẹ́.

Bí wọ́n bá gbà, ẹ dúró sí ìhà orí rẹ̀. Ẹ mú abẹ̀bẹ̀ dání, torí iná lè lọ. Ẹ pa fóònù, ẹ máa fún un lómi mu, ẹ tẹ ẹ̀yìn fún un bó bá ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dákẹ́ bó bá ní kí ẹ dákẹ́. Bí ojú bá ń ṣú yín, ẹ tètè jókòó sílẹ̀, kí nọ́ọ̀sì má baà fi ìyàwó yín sílẹ̀ wá máa tọ́jú yín.

Kí ẹ sì jẹun kí ẹ tó kúrò nílé. Ọkọ mi kọ iyán lálẹ́ ọjọ́ tèmi, ó ní ọkàn òun kò balẹ̀. Nígbà tó di ìdájí, búrẹ́dì tí mo dì sínú báàgì fún ara mi ló jẹ tán.